Àwọn Tó Ń Lànà fún Agbébọ́ọ̀lù: Iṣẹ́ Ìlà Iwájú Nínú Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà

Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà jẹ́ ìjà lórí ilẹ̀. Ohun tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń wá ni bí yóò ṣe gbé bọ́ọ̀lù síwájú lórí pápá tó gùn ní 100 yáàdì, títí yóò fi gbé e kọjá ìlà òpin ẹgbẹ́ kejì. Ọ̀nà méjì ló wà láti ṣe é. Wọ́n lè ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó ti sáré lọ síwájú, tàbí kí ẹnì kan gbá a mọ́ àyà kó sì sáré gba àárín àwọn tó fẹ́ dá a dúró kọjá. Ọ̀nà kejì ni orí yìí dá lé. Agbébọ́ọ̀lù ni òǹwòran ń tẹjú mọ́, orúkọ rẹ̀ ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ń pè, orúkọ rẹ̀ náà ni wọ́n sì ń kọ iye yáàdì sí. Síbẹ̀, kí ó tó gbé ẹsẹ̀ kẹta, àwọn márùn-ún kan tó wà níwájú rẹ̀ ti pinnu bóyá ọ̀nà yóò là tàbí yóò dí. Gbogbo ohun tí agbébọ́ọ̀lù ń ṣe, lórí iṣẹ́ àwọn márùn-ún yìí ló dúró sí.

Àwọn márùn-ún ìlà iwájú

Èèyàn 11 ló ń wà lórí pápá fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ tó ní bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ní ìgbìyànjú mẹ́rin láti rìn yáàdì mẹ́wàá. Bí wọ́n bá rìn ín, wọ́n tún gba mẹ́rin mìíràn. Bí wọ́n bá kùnà, bọ́ọ̀lù di ti ẹgbẹ́ kejì. Ìṣirò yìí ló jẹ́ kí gbígbé bọ́ọ̀lù sáré níyì. Ẹgbẹ́ tó bá ń rí yáàdì mẹ́rin péré nígbàkígbà tó bá gbé bọ́ọ̀lù sáré yóò ti rìn yáàdì 12 nínú ìgbìyànjú mẹ́ta, kò sì ní sí ìgbà tí bọ́ọ̀lù yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìlà kan tí a kò lè fojú rí ló pín ẹgbẹ́ méjèèjì níyà níbi tí bọ́ọ̀lù wà. Òfin sọ pé ó kéré tán, èèyàn méje nínú ẹgbẹ́ tó ní bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ tò sí orí ìlà yìí. Àwọn márùn-ún tó wà láàárín ni à ń pè ní ìlà iwájú. Ẹni tó wà ní àárín gbùngbùn ni center, òun ló ń gba abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ fi bọ́ọ̀lù fún quarterback, ẹni tó ń darí ìgbìyànjú náà, tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Guard méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Tackle méjì ló sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn guard síta, ní ìkángun méjèèjì. Nọ́ńbà 50 sí 79 ni wọ́n máa ń wọ̀ ní NFL, líìgì àwọn agbábọ́ọ̀lù tó ń gbowó, òfin kò sì gbà wọ́n láyè láti gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù síwájú àyàfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ sọ fún rẹfirí.

Àwọn mìíràn ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Tight end máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tackle, ó ń dènà, ó sì tún lè gba bọ́ọ̀lù. Fullback máa ń wà lẹ́yìn, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ṣíwájú agbébọ́ọ̀lù wọ inú àlàfo kó sì kọlu ẹni àkọ́kọ́ tó bá yọjú. Ọ̀kan nínú àwọn tó ṣe iṣẹ́ fullback ni Obafemi Ayanbadejo, tó wà nínú ẹgbẹ́ Baltimore Ravens ní sáà 2000 tí wọ́n gba Super Bowl, eré tó ń pinnu ẹgbẹ́ tó gba ife NFL.

Bí òfin ṣe mú kí ìlà wà

Láti ara rugby ni eré yìí ti yọ. Nínú rugby, àwọn méjèèjì ló ń du bọ́ọ̀lù nínú ìkójọ kan náà, kò sí ẹni tó dá ní i. Ní 1880, Walter Camp ti Yunifásítì Yale mú kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó ń gbá a fara mọ́ òfin tuntun: èèyàn 11 fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí bọ́ọ̀lù sì jẹ́ ti ẹgbẹ́ kan pàtó nígbà tí eré bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ náà ni ìlà iwájú bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹgbẹ́ tó mọ̀ pé òun ló ni bọ́ọ̀lù lè jókòó, kó sì gbìmọ̀ bí yóò ṣe dáàbò bo ẹni tó fẹ́ gbé e.

Ìmọ̀ràn àwọn kan le jù. Ní 1892, nígbà tí Harvard ń bá Yale gbá, wọ́n lo ọgbọ́n kan tí Lorin Deland, ọ̀gbẹ́ni tó fẹ́ràn ayò chess, ṣe fún wọn. Àwọn agbábọ́ọ̀lù sá láti ọ̀nà jíjìn ní ìhà méjì, wọ́n pàdé ní ṣóńṣó bí orí ọfà, wọ́n fi agbébọ́ọ̀lù sáàárín, wọ́n sì rọ́ lu ẹnì kan ṣoṣo nínú ìlà Yale. Ìpalára tó ń tẹ̀lé e pọ̀ débi pé wọ́n fòfin de ọgbọ́n náà ní 1894. Ṣùgbọ́n eré náà ṣì le. Ní 1905, lẹ́yìn tí àwọn ọ̀dọ́ ti kú lórí pápá, Ààrẹ Theodore Roosevelt pe àwọn aṣojú Harvard, Yale àti Princeton sí White House kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí i. Òfin 1906 gba jíju bọ́ọ̀lù síwájú láyè, ó sì fi àyè sílẹ̀ láàárín àwọn ìlà méjèèjì. Ní 1910, wọ́n sọ ọ́ di dandan kí èèyàn méje wà lórí ìlà, wọ́n sì ka kíkọ́ ọwọ́ mọ́ra wọn láti fi dènà léèwọ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tó ń dènà kò ní ohun mìíràn tó lè gbẹ́kẹ̀ lé ju ara rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ àti òye rẹ̀ lọ.

Agbára, ìwúwo àti ìdúró ara

Ìdènà tó dára bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. Bí èèyàn méjì bá forí gbárí, ìwúwo ara ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́nà ìyára rẹ̀ ló ń sọ ẹni tí yóò ti ẹnì kejì. Ọkùnrin tó wọn 140 kílò tó sì ń lọ ní mítà mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ní agbára ìrìn 420. Olùgbèjà tó wọn 120 kílò gbọ́dọ̀ máa lọ ní mítà mẹ́ta ààbọ̀ kí ó tó ní iye kan náà. Ìdí nìyí tí ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ fi ṣe pàtàkì gan-an. Ẹgbẹ́ tó ní bọ́ọ̀lù ló mọ àkókò tí center yóò gbé bọ́ọ̀lù, ẹgbẹ́ kejì kò mọ̀ ọ́n, ó ní láti dúró kó rí i. Ìyàtọ̀ kékeré yẹn ni àǹfààní àkọ́kọ́ tí ìlà iwájú ní.

Àǹfààní kejì ni ìdúró nílẹ̀. Bó ṣe rí nínú ìjàkadì gídígbò ló rí níbí: ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sísàlẹ̀ ju ẹnì kejì lọ tó sì fi èjìká rẹ̀ sábẹ́ àyà ẹni náà ni yóò gbé e nílẹ̀, bó ti wù kí ẹni náà sanra tó. Agbára inú itan àti ìdí ló ń ti èèyàn, kì í ṣe ti apá. Ẹni tó bá nàró jù ti ju agbára náà nù, nítorí agbára tó ń bọ̀ láti ilẹ̀ kò ní rí ọ̀nà dé ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Nítorí èyí ni àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ṣe ń mú kí àwọn ará ìlà iwájú dánra wò lábẹ́ irin tí wọ́n fi ṣe òrùlé kúkurú. Ẹni tó bá nàró yóò forí sọ ọ́.

Ọwọ́ ló tẹ̀lé e. Ọwọ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ balẹ̀ sí àyà olùgbèjà láàárín èjìká rẹ̀ méjèèjì. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá kọ́kọ́ débẹ̀ ló ń darí ẹnì kejì. Bí ọwọ́ bá yọ sí ẹ̀gbẹ́ tó sì di aṣọ mú, rẹfirí lè kà á sí dídi èèyàn mú, ẹgbẹ́ náà yóò sì padà sẹ́yìn ní yáàdì mẹ́wàá. Ẹsẹ̀ ló kẹ́yìn. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ máa ń kúrú, kì í ju bí àtẹ́lẹwọ́ lọ, kí ẹsẹ̀ kejì lè tètè balẹ̀. Lẹ́yìn tí ara bá ti pàdé ara, ẹsẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dúró títí súfèé yóò fi dún.

Ìwúwo ara ti yí padà gan-an. Jerry Kramer, guard ẹgbẹ́ Green Bay Packers láàárín ọdún 1958 sí 1968, wọn nǹkan bí 111 kílò. Lónìí, púpọ̀ nínú àwọn ará ìlà iwájú NFL ló ju 136 kílò lọ. Jordan Mailata, ọmọ Australia tó kọ́kọ́ gbá rugby, tí Philadelphia Eagles sì mú ní ìpele tó kẹ́yìn nínú yíyan agbábọ́ọ̀lù ọdún 2018 láì tíì gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà rí, ga tó mítà méjì, ó sì ju 160 kílò lọ.

Oríṣi ìdènà

Ìdènà kì í ṣe títi nìkan. Ohun tí wọ́n ń wá ni kí ara ẹni tó ń dènà wà láàárín olùgbèjà àti ọ̀nà tí agbébọ́ọ̀lù fẹ́ gbà. Bí olùgbèjà kò bá tilẹ̀ rìn sẹ́yìn rárá, bí wọ́n bá ti yí i sí ẹ̀gbẹ́, iṣẹ́ ti parí.

Ìdènà ẹnì kan sí ẹnì kan ló rọrùn jù láti lóye, òun ló sì ṣòro jù láti ṣe. Ẹni tó ń dènà mú ẹni tó wà níwájú rẹ̀ gan-an, ó sì tì í. Ìdènà láti ẹ̀gbẹ́ rọrùn láti ṣe jù ú lọ. Nínú rẹ̀, ẹni tó ń dènà kò kọjú sí ẹni tó wà níwájú rẹ̀, ẹni tó wà ní ẹ̀gbẹ́ inú ni ó lọ kọlù. Olùgbèjà tí wọ́n kọlù láti ẹ̀gbẹ́ kò ní agbára láti fi dúró.

Ìdènà ẹni méjì ni ọkàn gbígbé bọ́ọ̀lù sáré. Èèyàn méjì gbá olùgbèjà kan mú ní ibàdí kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbé e sẹ́yìn pọ̀, ojú wọn sì wà lára linebacker, olùgbèjà tó dúró lẹ́yìn rẹ̀. Bí linebacker bá gba ọ̀tún, ẹni ọ̀tún yóò jáwọ́ lọ pàdé rẹ̀. Bó bá gba òsì, ẹni òsì ni yóò lọ. Bí wọ́n bá tètè jáwọ́, olùgbèjà iwájú yóò já wọlé. Bí wọ́n bá pẹ́ jù, linebacker yóò ti dé ibi tí agbébọ́ọ̀lù wà. Ìdènà ẹni méjì tó lókìkí jù wáyé ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1967 ní Green Bay, nínú òtútù tó tó ìwọ̀n 25 sísàlẹ̀ òdo. Ó ku ìṣẹ́jú àáyá 16 kí eré parí, Dallas Cowboys sì ń ṣíwájú Packers pẹ̀lú àmì mẹ́ta. Jerry Kramer àti Ken Bowman gbé Jethro Pugh, olùgbèjà Dallas, kúrò lọ́nà, Bart Starr tó jẹ́ quarterback sì tẹ̀lé wọn lẹ́yìn wọlé. Packers jáwé olúborí pẹ̀lú 21 sí 17.

Ìdènà ìfàjáde ni èyí tí guard tàbí tackle yóò fi ipò rẹ̀ sílẹ̀, yóò sá gba ẹ̀yìn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, yóò sì lọ dènà ní ìhà kejì. Àǹfààní rẹ̀ ni iye èèyàn. Bí olùgbèjà mẹ́ta bá wà lọ́tùn-ún tí àwọn tó ń dènà níbẹ̀ náà sì jẹ́ mẹ́ta, ẹni kẹrin tó ṣàdédé dé láti òsì yóò mú kí àwọn tó ń dènà pọ̀ ju àwọn tí wọ́n ń dènà lọ. Ìfàjáde nílò èèyàn tó tóbi tó sì tún lè sáré, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò sì pọ̀.

Ọgbọ́n méjì: àlàfo àti agbègbè

Àyè tó wà láàárín àwọn ará ìlà iwájú ni à ń pè ní àlàfo. Gbogbo ẹgbẹ́ olùgbèjà ló ń pín àlàfo wọ̀nyí láàárín ara wọn, kí ẹnì kan lè máa ṣọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré ní ọgbọ́n méjì pàtàkì láti fi tú ìpín náà ká.

Èkíní ni ìdènà àlàfo. Wọ́n ti yan àlàfo kan ṣáájú. Gbogbo ẹni tó wà ní ìhà kan kọlu sínú, ẹni tí wọ́n fà jáde ti olùgbèjà ìkángun síta, agbébọ́ọ̀lù sì gba àárín wọn kọjá. Vince Lombardi, akọ́nimọ̀ọ́gbá Packers láti 1959 sí 1967, kọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí eré kan ṣoṣo tó jẹ́ irú èyí. Guard méjèèjì, Kramer àti Fuzzy Thurston, yóò fi ipò sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọn yóò sá yí ìkángun pápá, Jim Taylor tàbí Paul Hornung yóò sì tẹ̀lé wọn. Gbogbo ẹgbẹ́ tó ń bá wọn gbá ló mọ eré yìí, kò sì sí ìkọ̀kọ̀ nínú rẹ̀. Lombardi ń mú kí wọ́n ṣe é léraléra nígbà ìdánrawò títí kò fi sí ohun tí ẹgbẹ́ kejì lè ṣe tí wọn kò ní èsì sí. Ní 1962, Taylor gbé bọ́ọ̀lù sáré fún yáàdì 1,474, ó sì ṣáájú gbogbo NFL.

Ẹgbẹ́ Washington tí Joe Gibbs darí láti 1981 sí 1992 fi ọgbọ́n mìíràn kún un. Agbébọ́ọ̀lù yóò gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ sí ìhà kan, àwọn olùgbèjà yóò sì yí sí ìhà náà. Lójú ẹsẹ̀, guard àti tackle yóò fà jáde lọ sí ìhà kejì, agbébọ́ọ̀lù yóò yí padà tẹ̀ lé wọn. Joe Bugel ló kọ́ àwọn ìlà iwájú yìí, Russ Grimm, Joe Jacoby, Jeff Bostic, Mark May àti George Starke sì wà lára wọn. Nínú Super Bowl tí wọ́n gbá ní oṣù Kìíní ọdún 1983, nígbà tí Miami ń ṣíwájú wọn pẹ̀lú 17 sí 13, tí ó sì jẹ́ ìgbìyànjú kẹrin tó ku yáàdì kan, Gibbs kọ̀ láti ta bọ́ọ̀lù dànù. Ìlà ṣí, John Riggins gbọn Don McNeal ti Miami tó di aṣọ rẹ̀ mú dànù, ó sì sáré yáàdì 43 wọlé. Washington gba ife pẹ̀lú 27 sí 17.

Èkejì ni ìdènà alágbègbè. Níbí, kò sí ẹni tí wọ́n yàn fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo ìlà jùmọ̀ gbé ẹsẹ̀ sí ìhà kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnikẹ́ni tó bá wọ agbègbè ẹnì kan sì di tirẹ̀. Àwọn olùgbèjà gbọ́dọ̀ sá tẹ̀lé wọn, bí wọ́n bá sì ti ń sá, àlàfo yóò ṣí níbìkan. Agbébọ́ọ̀lù kò mọ ibi tí yóò jẹ́ ṣáájú. Ó ń wò, ó ń dúró de ìgbà tó tọ́, ó sì ń yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo gba ibẹ̀ kọjá láì ṣiyèméjì. Alex Gibbs, tó ń kọ́ ìlà iwájú, ló fìdí ọgbọ́n yìí múlẹ̀ ní Denver Broncos láti 1995, lábẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà Mike Shanahan. Àwọn ará ìlà rẹ̀ kò wúwo tó ti ẹgbẹ́ mìíràn. Ẹsẹ̀ tó yá àti ọkàn tó ṣọ̀kan ló fi yàn wọ́n.

Ẹ̀rí tó wà nínú ìwé àkọsílẹ̀

Kò rọrùn láti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìlà iwájú ló ni yáàdì, nítorí kò sí ibi tí wọ́n ń kọ yáàdì sí orúkọ wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí agbébọ́ọ̀lù bá yí padà tí ìlà kò yí, tàbí tí ìlà bá yí padà tí agbébọ́ọ̀lù kò yí, òtítọ́ máa ń hàn.

Denver ni ẹ̀rí àkọ́kọ́. Terrell Davis, tí wọ́n mú ní ìpele kẹfà nígbà tí wọ́n ń yan agbábọ́ọ̀lù ní 1995, sáré yáàdì 2,008 ní 1998. Ó farapa ní 1999. Olandis Gary rọ́pò rẹ̀, ó sì sáré 1,159. Ní 2000, Mike Anderson tóun náà jẹ́ ti ìpele kẹfà sáré 1,487. Clinton Portis dé ní 2002, ó sáré 1,508. Nígbà tí Portis lọ, Reuben Droughns sáré 1,240 ní 2004. Èèyàn márùn-ún láàárín ọdún méje, ọ̀kan ń lọ, òmíràn ń bọ̀, ọ̀nà ìdènà kan náà ló sì wà níwájú gbogbo wọn.

Timmy Smith ni ẹ̀rí kejì. Ní sáà 1987, yáàdì 126 péré ló sáré fún Washington kí ìdíje àṣekágbá tó bẹ̀rẹ̀. Nínú Super Bowl oṣù Kìíní ọdún 1988, Joe Gibbs fi í bẹ̀rẹ̀ eré, ìlà iwájú sì ṣí ọ̀nà lẹ́yìn ọ̀nà fún un. Ó sáré yáàdì 204, ẹnikẹ́ni kò sì tíì sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú Super Bowl kan. Ní gbogbo ìgbà tó fi gbá bọ́ọ̀lù ní NFL, yáàdì 602 ni àpapọ̀ ohun tó sáré ní sáà.

Saquon Barkley ni ẹ̀rí kẹta. Ní 2023, pẹ̀lú New York Giants, ó sáré yáàdì 962, èyí tó jẹ́ 3.9 nígbàkígbà tó bá gbé bọ́ọ̀lù. Ó kó lọ sí Philadelphia Eagles, níbi tí Jeff Stoutland ti ń kọ́ ìlà tí Mailata, Landon Dickerson, Cam Jurgens, Mekhi Becton àti Lane Johnson wà nínú rẹ̀. Ní 2024, ó sáré 2,005, èyí tó jẹ́ 5.8 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Quarterback tó lè sáré, Jalen Hurts, ràn án lọ́wọ́, nítorí àwọn olùgbèjà ní láti ṣọ́ òun náà. Ṣùgbọ́n agbébọ́ọ̀lù kan náà ni, ìlà tó wà níwájú rẹ̀ ni kò jẹ́ kan náà. Eagles gba Super Bowl ní oṣù Kejì ọdún 2025 pẹ̀lú 40 sí 22.

Ibi tí iṣẹ́ agbébọ́ọ̀lù ti bẹ̀rẹ̀

Èyí kò sọ agbébọ́ọ̀lù di aláìníláárí. Ìlà iwájú lè ṣí ilẹ̀kùn, kò lè gba ẹnu rẹ̀ kọjá fún un. Barry Sanders ti Detroit Lions fi hàn láàárín 1989 sí 1998 pé ẹsẹ̀ tó mọ̀ ọ́n yí lè sọ ọ̀nà tó ti dí di ọ̀nà tuntun, ó sì sáré 2,053 ní 1997. Christian Okoye, ọmọ Enugu tó lọ sí Yunifásítì Azusa Pacific ní California nítorí eré orí pápá, kò gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà rí kí ó tó débẹ̀. Ó wọn nǹkan bí 118 kílò, ẹnì kan ṣoṣo kì í sì lè gbé e ṣubú. Ní 1989, ó sáré 1,480 fún Kansas City Chiefs, ó sì ṣáájú gbogbo líìgì.

Ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ń gbà pín ìyìn náà ni láti ka yáàdì tí agbébọ́ọ̀lù rìn kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó rìn lẹ́yìn náà. Ti ìlà iwájú ni èkíní ju ti agbébọ́ọ̀lù lọ, tirẹ̀ sì ni èkejì. Ìmọ̀ ẹ̀rọ ti mú èyí jinlẹ̀ sí i. NFL ń fi ẹ̀rọ kékeré sínú aṣọ èjìká agbábọ́ọ̀lù, ó ń sọ ibi tí olúkúlùkù wà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú ìdíje tí líìgì náà ṣe fún àwọn onímọ̀ ìṣirò ní sáà 2019 sí 2020, Philipp Singer àti Dmitry Gordeev láti Austria ló borí. Ètò wọn kò lo orúkọ tàbí òkìkí ẹnikẹ́ni. Ibi tí àwọn èèyàn 22 wà, bí wọ́n ṣe ń yára àti ibi tí wọ́n ń lọ nígbà tí agbébọ́ọ̀lù gba bọ́ọ̀lù ló fi sọ iye yáàdì tí yóò rìn. 

Èrè rẹ̀ fún gbogbo ẹgbẹ́

Ìlà tó ń ṣí ọ̀nà kò ran agbébọ́ọ̀lù nìkan lọ́wọ́. Bí gbígbé bọ́ọ̀lù sáré bá ń lọ déédéé, olùgbèjà kẹjọ yóò súnmọ́ iwájú láti wá dí i. Ẹni tó súnmọ́ iwájú ti fi ẹ̀yìn sílẹ̀ lófo. Quarterback yóò ṣe bí ẹni pé òun fẹ́ fún agbébọ́ọ̀lù ní bọ́ọ̀lù, yóò fà á padà, yóò sì jù ú sí ẹni tí kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ mọ́.

Àkókò náà tún di ti ẹgbẹ́ tó ń sáré. Bí wọ́n bá gbé agbébọ́ọ̀lù ṣubú nínú pápá, aago kò dúró. Bí bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù kò bá rí ẹni gbà á, aago yóò dúró. Nítorí náà, ẹgbẹ́ tó ń ṣíwájú ní ìparí eré máa ń gbé bọ́ọ̀lù sáré kí àkókò lè tán mọ́ ẹgbẹ́ kejì lọ́wọ́. Ó sì tún ń rẹ àwọn olùgbèjà. Ẹni tí àwọn tó ju 136 kílò ti ń kọlù láti ìgbà tí eré ti bẹ̀rẹ̀ kò ní agbára kan náà mọ́ nígbà tí eré bá ń parí lọ, yáàdì méjì tí wọ́n ń rí ní ìbẹ̀rẹ̀ sì lè di mẹ́fà.

Ohun tó ń ba ìlà jẹ́

Ìlà iwájú kò lágbára ju ẹni tó lágbára kéré jù nínú wọn lọ. Bí mẹ́rin bá ṣe iṣẹ́ wọn dáadáa tí ẹnì kan sì kùnà, ẹni tí ó jẹ́ kó kọjá yẹn ló máa gbé agbébọ́ọ̀lù ṣubú. Ìpalára ló kọ́kọ́ ń ba ìlà jẹ́, nítorí ẹni tuntun kò tíì mọ bí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣe ń gbé ẹsẹ̀. Ariwo pápá ló tẹ̀lé e. Center ló ń ka ìtò àwọn olùgbèjà, tó sì ń kígbe ẹni tí olúkúlùkù yóò mú. Bí ariwo òǹwòran kò bá jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ara wọn, ẹnì kan lè gbé ẹsẹ̀ ṣáájú àkókò, ìyẹn sì jẹ́ ìjìyà yáàdì márùn-ún. Iye èèyàn náà tún wà níbẹ̀. Àwọn méje kò lè dènà àwọn mẹ́jọ, bó ti wù kí wọ́n mọ iṣẹ́ tó.

Ohun tó ń ná wọn

Nínú ipò gbogbo tó wà lórí pápá, ìlà iwájú ló ń forí gbá jù, nítorí ní gbogbo ìgbìyànjú ni wọ́n ń pàdé ẹnì kan. Púpọ̀ nínú ìforígbárí náà kì í le tó èyí tó ń mú èèyàn dákú, ṣùgbọ́n wọ́n ń pọ̀ lórí ara wọn. Mike Webster, center tó gba Super Bowl mẹ́rin pẹ̀lú Pittsburgh Steelers, gbá bọ́ọ̀lù fún sáà 17 láti 1974 sí 1990, ó sì wà níwájú Okoye ní Kansas City ní 1989. Ó kú ní 2002 ní ẹni 50 ọdún, lẹ́yìn tí ìrántí àti ìrònú rẹ̀ ti dàrú. Dókítà Bennet Omalu, ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣiṣẹ́ ní Pittsburgh nígbà náà, ló yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò, tó sì rí àìsàn tí ìforígbárí léraléra ń fà. Ó gbé àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 2005, àbọ̀ náà sì yí ojú tí gbogbo Amẹ́ríkà fi ń wo eré yìí padà. Ní 2022, NFL bẹ̀rẹ̀ sí í mú kí àwọn ará ìlà iwájú, tight end àti linebacker máa wọ ìbòrí rírọ̀ sórí àṣíborí wọn nígbà ìdánrawò ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Ara tó wúwo náà ní ìṣòro tirẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru àti àìrí èémí mí dáadáa lójú oorun wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó sanra bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú wọn sì ń sapá láti fọn bí wọ́n bá ti fi eré sílẹ̀.

Orúkọ Yorùbá wà ní ìhà méjèèjì ìlà yìí lónìí. New York Jets mú Olumuyiwa Fashanu, tackle láti Penn State, gẹ́gẹ́ bí ẹni kọkànlá nínú yíyan agbábọ́ọ̀lù ọdún 2024. Larry Ogunjobi gbá bọ́ọ̀lù lójú kejì ìlà, níbi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti jẹ́ láti dí àlàfo. Foyesade Oluokun, linebacker, ló gbé èèyàn ṣubú jù ní NFL ní 2021 àti 2022. Òǹkàwé tó bá ń wo wọn lórí tẹlifíṣọ̀n ní ohun kan láti ṣe tó lè mú kí eré náà yé e. Nígbà tí center bá fẹ́ gbé bọ́ọ̀lù, kí ó má ṣe tẹ̀lé bọ́ọ̀lù. Kí ó kọ́kọ́ wo guard méjèèjì. Bí ẹ̀yìn wọn bá tẹ̀ sílẹ̀ tí ẹsẹ̀ wọn sì ń tẹ̀ síwájú, yáàdì yóò wà. Bí wọ́n bá nàró tí wọ́n sì ń sún sẹ́yìn, kò sí agbébọ́ọ̀lù tí òkìkí rẹ̀ lè gbà á lọ́wọ́ ìṣubú. Àwọn márùn-ún yìí ló ń gbé ẹgbẹ́ rìn, ó sì yẹ kí ìyìn máa dé ọ̀dọ̀ wọn.